Ibi Tí Ẹ̀rí Bá Dé: Báwo Ni Àtẹ Ìdílé Ṣe Yẹ Kó Tóbi Tó Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì?

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ti wọ ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwa ọmọ Èkó láìjẹ́ pé a jókòó gbé e yẹ̀ wò. Àwọn ọmọ wa ti ń kọ orúkọ ẹbí sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á kọ orúkọ bàbá àti ìyá, wọ́n á fa ìlà lọ sókè sọ́dọ̀ bàbá àgbà, wọ́n á tún fà á wá sísàlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ. Iṣẹ́ rere ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ ká dáhùn kí iṣẹ́ náà tó jìnnà: báwo ni àtẹ yìí ṣe yẹ kó tóbi tó? Ta ni ká kọ, ta ni ká má kọ síta, ibo sì ni ká dúró sí? Èrò tèmi ni pé ohun tí ìdílé bá lè jẹ́rìí sí, àti ẹni tí ìdílé bá lè dáàbò bò, ni kó díwọ̀n àtẹ náà. Ohun tó bá kọjá ẹ̀rí, kí a má fà á nílà bí òótọ́. Ẹni tó bá sì wà láàyè, kí a má gbé orúkọ rẹ̀ síta láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò àtẹ yìí pọ̀: Ancestry wà, MyHeritage wà, Geni àti FamilySearch náà wà. Lórí Geni àti FamilySearch, àtẹ kan ṣoṣo ni gbogbo ayé jọ ń kọ. Ohun tí ẹ kọ lónìí, àjèjì tí ẹ kò rí rí lè yí i padà lọ́la. Ẹ̀rọ wọn a sì máa ti ènìyàn síwájú. Yóò ní bàbá àgbà yín dà bí bàbá àgbà lágbájá, ṣé kí òun so wọ́n pọ̀? Ẹ tẹ ọwọ́ kan, ọgọ́rọ̀ọ̀rún orúkọ á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Nípa bẹ́ẹ̀, ó rọrùn fún ọ̀dọ́ kan láti ní orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín oṣù mélòó kan, kó sì máa fi iye yẹn yangàn. Ní ìlú tí ìtàn ìdílé jẹ́ fún ìgbádùn nìkan, ìyẹn lè má ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ṣùgbọ́n ní Ìsàlẹ̀ Èkó, a kì í sọ ìtàn ìdílé fún fàájì. Òun la fi ń mọ ẹni tó ni ilé, ẹni tí oyè kàn, ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí ìwé kí a tó ta ilẹ̀, àti ẹni tí ọmọ wa kò gbọdọ̀ fẹ́. Nígbà tí Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa, pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ilẹ̀ Àpápá, tí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn ilé ẹjọ́ ìkẹyìn fún Nàìjíríà nígbà náà, sì dá a láre ní ọdún 1921, ohun tí àwọn adájọ́ gbà ni pé àwùjọ àti ẹbí ló ni ilẹ̀, kì í ṣe ẹnì kan. Bí ẹbí bá ni ilẹ̀, ìlà tó fi ẹni tó jẹ́ ẹbí hàn ti di ìwé ẹ̀rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹjọ́ Èkó kan pẹ́kípẹ́kí. Suberu Dawodu kú ní ọdún 1940 láì kọ ìwé ìhágún. Ọmọ 9 ló fi sílẹ̀, ìyàwó 4 ló bí wọn. Nígbà tó di pé kí wọ́n pín ohun ìní rẹ̀, ìjà dé. Àwọn kan ní ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín in, kí wọ́n dá a sí ọ̀nà mẹ́rin, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan mú ọ̀nà kan. Àwọn yòókù ní orí-ò-jorí ni, kí wọ́n dá a sí ọ̀nà mẹ́sàn-án, kí olúkúlùkù mú tirẹ̀. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà gba orí-ò-jorí. Ní 1958, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní àpapọ̀ Nàìjíríà (Federal Supreme Court) yí i padà, ó ní ìdí-igi ni àṣà, Privy Council sì fọwọ́ sí i ní 1962. Ẹ ronú ohun tó rọ̀ mọ́ ìlà kan ṣoṣo níbẹ̀. Nínú ilé olórogún mẹ́rin, bí ìyá kan bá bí ọmọ kan péré, ọmọ náà á kó odindi ìdámẹ́rin. Bí ìyá mìíràn bá bí mẹ́rin, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò jọ pín ìdámẹ́rin tiwọn. Ẹni tó bá wá ya àtẹ irú ilé bẹ́ẹ̀, tó kọ orúkọ bàbá, tó sì to gbogbo ọmọ sábẹ́ rẹ̀ láì fi ẹnikẹ́ni sábẹ́ ìyá tó bí i, ti pa ohun tí wọ́n máa fi pín ogún rẹ́. Bó bá sì fi ọmọ kan sábẹ́ ìyá tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ti yí ogún padà.

Láti inú èyí la ti lè mọ bó ṣe yẹ kí àtẹ wa fẹ̀ tó. Ó gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó láti gba gbogbo ìyá àti gbogbo ọmọ, ọkùnrin àti obìnrin, ọmọ tó kú ní kékeré àti ọmọ tó lọ sí ilé ọkọ. Nínú ẹjọ́ ilé Olóyè Mábìnúorí, tí wọ́n dá ní Èkó ní ọdún 1908, ilé ẹjọ́ gbà pé obìnrin lè jẹ́ olórí ẹbí bó bá jẹ́ òun ló dàgbà jù nínú àwọn ọmọ tó kù. Nítorí náà, àtẹ tó bá ń tẹ̀ lé orúkọ bàbá nìkan, tí ọmọ obìnrin ń pòórá níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá gba orúkọ ọkọ, ti já apá kan ìdílé sọnù. Bó ti wù kí orúkọ tó wà lórí rẹ̀ pọ̀ tó, kò tíì tóbi tó. Lójú tèmi, àtẹ tó ní orúkọ 80 tó pé láti ìdí dé ìdí níye lórí ju èyí tó ní 8,000 tó fi ìyá mẹ́ta sílẹ̀ lọ.

Òkè wá ńkọ́? Ibo ni ká dúró bí a bá ń gòkè lọ sọ́dọ̀ àwọn baba ńlá? Ìṣirò lè ràn wá lọ́wọ́. Olúkúlùkù wa ní òbí 2, òbí àgbà 4, àwọn òbí tó bí wọn 8. Tí a bá ń sọ ọ́ di méjì bẹ́ẹ̀, ní ìran kẹwàá sókè, a ti ní 1,024. Ní ìran kẹẹ̀ẹ́dógún, 32,768. Nígbà tí ìjọba ka àwọn ará Èkó ní 1866, gbogbo ìlú kò ju nǹkan bí 25,000 ènìyàn lọ. Ohun tí èyí ń sọ ni pé bí a bá lọ jìnnà tó, àwọn ènìyàn kan náà ni yóò máa yọ lórí àtẹ gbogbo wa. Bí mo bá sọ pé mo bá ọba kan tan ní ìran kẹẹ̀ẹ́dógún, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó kọjá lójú títì ló lè sọ bẹ́ẹ̀. Kò fún mi ní oyè, kò fún mi ní ilẹ̀, kò sì jẹ́ kí n mọ ẹni tí màá bá ṣe ìpàdé ẹbí lọ́jọ́ Àìkú.

Ohun tó tún burú jù ni pé àtẹ kì í sábà jẹ́ kó hàn pé ìtàn méjì wà. Ẹ wo ìdílé ọba Èkó fúnra rẹ̀. Láti orí Ọba Adó wá sísàlẹ̀, orúkọ àwọn ọba tó jẹ ní Èkó tò tẹ̀ léra wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n tí a bá dé ọ̀dọ̀ Àṣípa tó bí Adó, Èkó ní ìtàn tirẹ̀, Ìbíní ní ìtàn tirẹ̀, lórí ẹni tó jẹ́ àti ibi tó ti wá. Àgbà tó jókòó lè sọ méjèèjì, kó sì sọ pé báyìí ni àwọn kan wí, báyìí ni àwọn kejì wí. Ẹ̀rọ kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Àpótí kan ló sábà máa ń gbé síwájú ẹni fún bàbá, èyí tí ẹ bá sì kọ síbẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ jáde bí ẹni pé kò sí àríyànjiyàn. Nítorí náà, ibi tí ẹ̀rí bá pin sí ni kí ìlà pin sí. Kí a kọ ìyókù sílẹ̀ ní ìtàn lábẹ́ àtẹ, kí a dárúkọ ẹni tó sọ ọ́. Fún ọ̀pọ̀ ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹni tó tẹ agbo ilé dó ni òpin ohun tí a lè fẹ̀rí hàn, kò sì sí ìtìjú kankan nínú kí a dúró lórí rẹ̀.

Bí òkè ṣe ní ewu ni ẹ̀gbẹ́ náà ní tirẹ̀, orúkọ ló sì ń fa èyí. Ẹ̀rọ àwọn òyìnbó gbà pé ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà jẹ́ ẹbí. Níbi tiwa, ọ̀nà tí ọmọ gbà wáyé ló ń sọ ọ́ ní Àjàyí, ní Táíwò, ní Ìdòwú tàbí Àìná. Ilé gbogbo ló ní wọn. Ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí ní Ìsàlẹ̀ Èkó sì wà tó jẹ́ pé orúkọ bàbá lọmọ fi ń ṣe orúkọ ìdílé, ti bàbá sì jẹ́ orúkọ bàbá tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìran mẹ́ta lè jẹ́ orúkọ mẹ́ta. Ní ti àwọn Sàró àti Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú padà wá láti Sàró (Sierra Leone) àti Bràsíìlì, ọ̀pọ̀ orúkọ wọn kì í ṣe ti ìran rárá. Àjàyí tí wọ́n mú lẹ́rú ní Òṣógùn ní 1821 di Samuel Crowther nígbà tó ṣe ìrìbọmi ní Sàró ní 1825. Orúkọ àlùfáà kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fún un. Ẹni tó bá so ìdílé Crowther ti Èkó mọ́ àwọn Crowther ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tó rí ẹgbẹ̀rún ìbátan níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún àjèjì ló kó wọlé. Bákan náà ni àwọn da Silva àti Pereira tó ti Bràsíìlì dé: ọ̀pọ̀ irú orúkọ wọ̀nyí wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ra bàbá wọn tàbí ẹni tó dúró fún un ní ìrìbọmi.

Ó wá ku àwọn tó jẹ́ ará ilé láìjẹ́ ọmọ bíbí inú. Ìdílé Èkó kò fìgbà kan dá lórí ẹ̀jẹ̀ nìkan. Ẹ wo Òṣòdì Tápà: ọmọ Núpé ni, tí wọ́n mú lẹ́rú wá sí Èkó, tó sì di ìjòyè pàtàkì. Ó bá Ọba Kòsọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé ọba náà kúrò ní Èkó nínú ogun 1851, nígbà tí wọ́n sì padà dé Èkó ní 1862, ó tẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ dó sí Èpètèdó, ní agbo ilé 21. Ọmọ wà nínú wọn, ọmọ ogun wà, àwọn tó ti ṣe ẹrú náà wà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àwọn tó ń gbé agbo ilé wọ̀nyẹn lọ títí dé Privy Council ní 1930. Ṣé kí àtẹ ìdílé bẹ́ẹ̀ yọ àwọn tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ kúrò? Rárá o. Ọgọ́rùn-ún ọdún àti ààbọ̀ ni wọ́n ti jọ ń sin òkú, tí wọ́n jọ ń sọ ọmọ lórúkọ. Ìdílé kan ni wọ́n. Ṣé kí a wá kọ ọ́ síwájú gbogbo ayé pé ẹrú ni baba ńlá lágbájá? Ìyẹn náà, rárá. Gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Ẹbí lè pa á mọ́ sínú ìwé tirẹ̀ fún ọjọ́ tí ẹ̀tọ́ bá bèèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan yóò fi tẹ fóònù kó rí i, kó sì fi bú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó wà láàyè. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ilé iṣẹ́ 23andMe ní Amẹ́ríkà, tó ń fi itọ́ ènìyàn yẹ ìran wò, jẹ́wọ́ pé olè wọlé sórí ẹ̀rọ wọn. Nǹkan bí 14,000 ènìyàn péré ni àwọn olè náà rí ọ̀rọ̀ aṣínà wọn lò. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ti so ìbátan mọ́ ìbátan, ìsọfúnni nípa àwọn tó tó mílíọ̀nù 6.9 ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́, mílíọ̀nù 1.4 nínú wọn sì jẹ́ láti inú àtẹ ìdílé. Ẹnì kan ṣílẹ̀kùn, wọ́n sì kó ẹrù gbogbo àdúgbò. Nílé wa níbí, báńkì ṣì máa ń béèrè orúkọ tí ìyá ẹni ń jẹ́ kó tó lọ sílé ọkọ, kí wọ́n fi mọ̀ pé òun ni. Àtẹ tó wà ní gbangba ti dáhùn ìbéèrè yẹn fún ẹni tó bá fẹ́ jalè. Ó ti fún un ní ọjọ́ ìbí yín, ó ti sọ orúkọ àbúrò yín tó wà ní Kánádà fún un, ó kù kó pe ìyá yín lórí fóònù pé àbúrò yín wà nínú ìṣòro. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 mọ̀ pé ìsọfúnni nípa ènìyàn kì í ṣe ohun tí ẹlòmíràn lè ná bó ṣe wù ú. FamilySearch pàápàá, tó fẹ́ kí gbogbo ayé jọ kọ àtẹ kan, a máa fi ẹni tó bá wà láàyè pa mọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń ta kò mí nínú ọkàn yín. Ẹ̀yin kan á ní àtẹ ńlá wúlò fún ìmọ̀. Òótọ́ ni. Ní 2018, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n fi orúkọ mílíọ̀nù 86 láti orí Geni ṣe, wọ́n sì rí igi kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tó ní ènìyàn mílíọ̀nù 13. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orúkọ yẹn ti wá, níbi tí ìwé ìbatisí àti ìwé ìjọba ti wà nílẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ìwé ló gbé àtẹ wọn ró. Bí a bá fi àbá gbé tiwa ró kó lè tóbi bíi tiwọn, àwọn onímọ̀ gan-an la máa ṣì lọ́nà.

Àtakò kejì wúwo jù ú lọ, ó sì ká mi lára: àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ń wá ilé. Ìwé àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n kọ ní Sàró àti ní Havana, ní orúkọ tó lé ní 91,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ orúkọ Yorùbá tí a ṣì ń jẹ́ lónìí. Bí a bá dín àtẹ wa kù, ṣé a kò ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn? Ìdáhùn mi ni pé àtẹ tí a fi ẹ̀rí kọ ni ilẹ̀kùn tó ṣí fún wọn. Ẹni tó ti Bahia ní Bràsíìlì wá, tí a fún ní baba ńlá èké nítorí pé àwọn méjèèjì ń jẹ́ Àjàyí, a kò tíì mú un délé. Ìdílé mìíràn la tún gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí a bá gbé àwọn òkú wa tí a mọ̀ dájú síta, pẹ̀lú oríkì wọn, àdúgbò wọn àti ọdún tí wọ́n gbé láyé, ẹni tó ń wá wa á rí ohun tó dúró ṣinṣin láti dì mú.

Àtakò kẹta ni ti àkókò. Wọ́n á ní àwọn àgbà ń lọ, ibojì ń pa rẹ́, ẹ jẹ́ ká sáré kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ ná. Mo gbà pé kò sí àkókò láti fi ṣòfò. Ibi ìsìnkú Ajẹlẹ̀, níbi tí wọ́n sin Samuel Crowther, tó ti di bíṣọ́ọ̀bù, sí lẹ́yìn tó kú ní 1891, ìjọba ti hú u ní àwọn ọdún 1970. Láti 1955 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Èkó, tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ìwé tí Peter Marris, onímọ̀ nípa àwùjọ, kọ nípa rẹ̀ ní 1961 fi hàn bí àwọn tó ti ń rí ẹbí wọn lójoojúmọ́ ṣe wá ń fi owó ọkọ̀ rò ó kí wọ́n tó lọ kí wọn. Ìtúká yìí ló jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì wúlò fún wa. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni kí a kó ọ̀rọ̀ jọ àti kí a gbé e jáde. Ẹ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ lónìí, ẹ ya fọ́tò ìwé ilé àti ìwé ìbatisí, ẹ kó gbogbo rẹ̀ pa mọ́. Ìyẹn kò lè tóbi jù. Èyí tó máa jáde sójú ayé ló yẹ kó gba ọwọ́ àyẹ̀wò.

Báyìí wá ni mo ṣe rò pé kí ẹbí kọ̀ọ̀kan ṣe é. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ẹbí, kó má jẹ́ iṣẹ́ ọmọ kan nínú yàrá. Kí ìdí kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan, kó má sì sí orúkọ tó máa wọlé lórí ọ̀rọ̀ ìdí kan ṣoṣo. Lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ẹni tó sọ ọ́, ọdún tó sọ ọ́, àti ìwé tó tì í lẹ́yìn. Ẹ gbé àwọn tó ti kú síta, láti orí ẹni tó tẹ ilé dó wá sísàlẹ̀, tìyá tọmọ, tọkùnrin tobìnrin. Ẹ kọ àwọn alààyè sínú ìwé tí akọ̀wé ẹbí nìkan ń tọ́jú. Ẹni tó bá ti dàgbà, tó sì fẹ́ kí wọ́n rí òun, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ fi ìtàn tó ní ẹnu méjì sílẹ̀ ní ìtàn. Bí ẹ̀rọ bá sì mú ìbátan tuntun wá, ẹ béèrè bí àwọn àgbà ṣe máa ń béèrè kí ọmọ tó gbéyàwó: ọmọ ilé wo ni, ta ló mọ̀ ọ́n, ta ló lè jẹ́rìí rẹ̀?

Àwọn adájọ́ tó dá ẹjọ́ Dawodu àti ti Mábìnúorí ní láti gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí àwọn ẹlẹ́rìí búra sọ níwájú wọn. Ní àádọ́ta ọdún sí i, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń sọ̀rọ̀ yìí kò bá sí mọ́, àtẹ tí àwọn ọmọ wa ń kọ lórí fóònù lónìí ni wọ́n máa gbé lọ síwájú adájọ́ àti síwájú olórí ẹbí. Kò sẹ́ni tó máa béèrè iye orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa béèrè ni bóyá òótọ́ ni. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin akọ̀wé ẹbí, ẹ̀yin Ìyá àti Bàbá wa, ẹ kọ ohun tí ẹ lè búra sí, ẹ kọ ọ́ pé pérépéré, kí ẹ sì dúró níbẹ̀.